Ọtí ti di bárakú: níbo la ti lè rí ìpàdé àwọn tó ń jáwọ́ nínú rẹ̀? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tí ará ilé àti ará òkè òkun máa ń bi mí jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni mo kó jọ síbí. Àwọn kan ń béèrè fún ara wọn, àwọn kan fún ọkọ tàbí ẹ̀gbọ́n wọn, àwọn mìíràn a ní “ọ̀rẹ́ mi kan ni.” Kò séwu, ìdáhùn kan náà ni. Ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous, tí gbogbo èèyàn ń pè ní AA, ni mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù nítorí òun ló rọrùn jù láti rí káàkiri ayé. Kì í ṣe òun nìkan ló wà.

Kí ni AA yìí gan-an?

Ẹgbẹ́ àwọn tí ọtí ti bá jà rí ni, tí wọ́n ń pàdé kí wọ́n lè ran ara wọn lọ́wọ́ láti má mu ún mọ́. Ọkùnrin méjì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìlú Akron, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1935. Bill Wilson jẹ́ oníṣòwò láti New York, Bob Smith sì jẹ́ dókítà oníṣẹ́ abẹ. Bill ti pa ọtí tì fún oṣù díẹ̀ nígbà náà. Òwò tó bá lọ sí Akron dojú rú, ọkàn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà sí ilé ọtí tó wà nínú òtẹ́ẹ̀lì tó dé sí. Kàkà kó wọ ibẹ̀, orí fóònù ló lọ, ó ń pe èèyàn kiri títí wọ́n fi júwe ọ̀mùtí mìíràn fún un tí wọ́n lè jọ sọ̀rọ̀. Ohun tó ṣe lọ́jọ́ náà ni wọ́n ṣì ń ṣe ní gbogbo ìpàdé AA títí dòní: ẹni tí ọtí ń bá jà ń bá ẹlòmíràn tí ọtí ń bá jà sọ̀rọ̀.

Lọ́dún 1947 ni ìpàdé àkọ́kọ́ wáyé ní London. Nínú ìpàdé AA, kò sí dókítà tó máa kọ oògùn fún yín, kò sí wòlíì tó máa ríran sí yín.

Ṣé tèmi ti burú tó bẹ́ẹ̀? Mi ò kì í ṣubú sójú títì, iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ìbéèrè tó ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró sílé nìyí. Lójú wa, ọ̀mùtí ni ẹni tó ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, tí ọmọdé ń ju òkúta lù. Ẹni tó ń wọ kóòtù lọ síṣẹ́, tó ń san owó ilé ìwé ọmọ, tó sì ń mu ìgò kan tán lálaalẹ́, “ó kàn fẹ́ràn fàájì” ni.

Ohun kan ṣoṣo ni AA ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wọ ẹgbẹ́: kó wù yín láti má mutí mọ́. Kò sí ẹni tó máa wọn yín wò lẹ́nu ọ̀nà. Tí ẹ bá ṣì ń ṣiyèméjì, ìbéèrè mẹ́rin kan wà tí àwọn dókítà ti ń lò tipẹ́. Ǹjẹ́ ẹ ti rò ó rí pé ó yẹ kí ẹ dín in kù? Ǹjẹ́ àwọn èèyàn ti fi ọ̀rọ̀ ọtí bí yín nínú rí? Ǹjẹ́ ẹ̀rí ọkàn ti dà yín láàmú rí nítorí ohun tí ẹ mu? Ǹjẹ́ ẹ ti mu ún rí ní òwúrọ̀ kùtù kí ara tó balẹ̀, tàbí kí ọwọ́ tó dẹ́kun gbígbọ̀n? Tí ẹ bá dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni” sí méjì, ẹ wá dókítà rí.

Pàrágà tí ẹ ń mu nítorí jẹ̀díjẹ̀dí wà nínú ìṣirò o. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọtí inú ọ̀rá tí awakọ̀ ń mu ní gáréèjì kí mọ́tò tó kún. Egbò tí wọ́n rẹ sínú ògógóró kò sọ ògógóró di omi.

Ṣé kí n dá ọtí dúró pátápátá kí n tó lọ?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí dáadáa, nítorí ó lè pa èèyàn.

Ẹni tó bá ti ń mu púpọ̀ lójoojúmọ́ fún ọjọ́ pípẹ́, ara rẹ̀ ti gba ọtí bí ẹni gba oúnjẹ. Tó bá já a lójijì, láàárín wákàtí díẹ̀ ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òógùn á bò ó, àyà á máa já, oorun á dá lójú. Gìrì lè mú un láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, bí ìgbà tí wárápá bá gbé èèyàn. Nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, ọkàn àwọn kan a dàrú, ibà á mú wọn, wọ́n á máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Nílé wa, ìgbà yìí ni ará ilé á ní ayé ti ṣe é, wọ́n á gbé e lọ sí ilé àdúrà, wọ́n á sì dè é mọ́lẹ̀. Ilé ìwòsàn ló yẹ kí wọ́n gbé e lọ, kíákíá. Nọ́ńbà pàjáwìrì jẹ́ 999 ní Britain, 112 ní Nàìjíríà.

Nítorí náà, tí ọwọ́ yín bá máa ń gbọ̀n láàárọ̀ kí ẹ tó fẹnu kan ọtí, tàbí tí gìrì bá ti mú yín rí nígbà tí ẹ dá a dúró, ẹ má já a lójijì. Ẹ kọ́kọ́ rí dókítà. Oògùn wà tí wọ́n ń fúnni fún ọjọ́ díẹ̀ kí ara lè rọra sọ̀ kalẹ̀, pẹ̀lú fítámìn B1, èyí tí ọtí máa ń fà gbẹ lára. Ẹ má lọ ra oògùn náà fúnra yín ní kẹ́míìsì, nítorí òun náà lè di bárakú.

Ẹ lè lọ sí ìpàdé láàárín ìgbà yìí. Kódà tí ẹ bá ti mu lọ́jọ́ náà, wọn ò ní lé yín, bí ẹ ò bá ṣáà ti da ìpàdé rú. Kìkì pé kí ẹ má wa mọ́tò débẹ̀.

Mo wà ní Britain. Báwo ni mo ṣe máa rí ìpàdé?

Ọ̀nà tó yá jù ni ojúlé AA ti Britain lórí íntánẹ́ẹ̀tì: alcoholics-anonymous.org.uk. Ẹ tẹ postcode yín síbẹ̀, á kó àwọn ìpàdé tó wà nítòsí jáde, pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò wọn. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ohùn èèyàn, ẹ pe 0800 9177 650, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó máa gbé e kì í ṣe òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń san owó fún, ọmọ ẹgbẹ́ tí òun náà ti mutí dé góńgó rí ni. Ẹ lè sọ fún un pé ẹ̀rù ń bà yín láti dá lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á wá ẹni tó máa pàdé yín lẹ́nu ọ̀nà.

Nínú àkọsílẹ̀ náà, ẹ máa rí i pé àwọn ìpàdé kan “ṣí sílẹ̀,” àwọn kan sì “tì.” Ẹnikẹ́ni lè wọ èyí tó ṣí sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n yín lè sìn yín wá síbẹ̀. Èyí tó tì, àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí nìkan ló wà fún. Ti àwọn obìnrin nìkan wà. Mo máa ń gba àwọn obìnrin wa níyànjú láti fi ti obìnrin bẹ̀rẹ̀, nítorí ojú tí àwùjọ wa fi ń wo obìnrin tó ń mutí yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí wọ́n fi ń wo ọkùnrin, ọ̀rọ̀ kan sì wà tí obìnrin ò ní lè sọ níwájú ọkùnrin.

Ẹ rí GP yín, ìyẹn dókítà àdúgbò tí ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú. Ní England, ẹ tún lè fi ẹsẹ̀ ara yín lọ sí ibi ìtọ́jú ọtí ti àdúgbò láìsí ìwé GP. Tí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú bá ń bà yín lẹ́rù, AA kì í béèrè ìwé kankan. Ẹ ò sì nílò ẹ̀rí ìgbélùú láti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP ní England.

Nàìjíríà ńkọ́?

Ká sọ òótọ́, ìpàdé AA wà ní Nàìjíríà, àmọ́ kò pọ̀, ìlú ńláńlá ló sì sábà máa ń wà. Ẹni tó bá wà ní Ìṣẹ́yìn tàbí Ìkàrẹ́ lè má rí ọ̀kan nítòsí. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ará ilé ni pé kí wọ́n ti ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta ní ẹ̀ka tó wà fún bárakú nìkan, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba ní Yábàá náà ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ lè béèrè ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ní UCH Ìbàdàn tàbí ní ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti Ilé-Ifẹ̀. Ẹ bi wọ́n lẹ́ẹ̀mejì: ẹ kọ́kọ́ béèrè ìtọ́jú, lẹ́yìn náà kí ẹ béèrè bóyá àwọn tó ti gba ìtọ́jú níbẹ̀ ní ìpàdé tiwọn. Ìbéèrè kejì yìí ni àwọn èèyàn kì í rántí.

Mo mọ̀ pé orúkọ Arò àti Yábàá máa ń dẹ́rù bani. “Ṣé wèrè ni mí ni?” Kì í ṣe wèrè. Àwọn tó mọ̀ nípa bárakú ló wà níbẹ̀ ni.

NDLEA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró, náà ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń gbé tọ̀sán-tòru, 0800 1020 3040. Oògùn olóró ni iṣẹ́ wọn gan-an, ṣùgbọ́n ẹ lè béèrè lọ́wọ́ olùgbaninímọ̀ràn tó bá gbé e níbi tí ìtọ́jú wà ní ìpínlẹ̀ yín.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn ilé ìtọ́jú aládàáni tó ń gba owó gọbọi. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ béèrè orúkọ dókítà tó ń bójú tó ibẹ̀, kí ẹ sì fojú ara yín rí yàrá tí wọ́n máa fi èèyàn yín sí. Ibi tí wọ́n bá ti ń de èèyàn mọ́ ṣéènì, ẹ mú èèyàn yín kúrò níbẹ̀.

Ṣé ìpàdé orí fóònù tó nǹkan?

Ó tó nǹkan gan-an, òun sì ni ẹlẹ́ẹ̀kejì tí mo máa ń júwe fún àwọn ará ilé. Lórí aa-intergroup.org, ìpàdé ń lọ lọ́wọ́ tọ̀sán-tòru, púpọ̀ wọn lórí Zoom. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Benin àti Togo, ti èdè Faransé wà níbẹ̀.

Ẹ wo àkókò rẹ̀ dáadáa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ní Britain, aago wọn àti ti Nàìjíríà dọ́gba. Nígbà òtútù, ti Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú, nítorí náà ìpàdé aago méje alẹ́ ní London jẹ́ aago mẹ́jọ ní Ìbàdàn. Tí dátà bá wọ́n, ẹ pa kámẹ́rà, kí ẹ máa gbọ́ ohùn nìkan. Ẹ tún yí orúkọ tó máa hàn lórí Zoom padà kí ẹ tó wọlé, kí orúkọ bàbá yín má baà yọ síbẹ̀ gàgàrà.

Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ nínú ìpàdé?

Bí ẹ bá wọlé, àga ni ẹ máa rí, pẹ̀lú tíì àti bísíkíìtì. Ìpàdé sábà máa ń gba wákàtí kan sí wákàtí kan àbọ̀. Ẹnì kan á ṣe alága, wọ́n á ka nǹkan díẹ̀ nínú ìwé ẹgbẹ́, lẹ́yìn náà ẹnì kan á sọ ìtàn ara rẹ̀: bó ṣe ń mu tẹ́lẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀, bó ṣe wà báyìí. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó bá wù á sọ tirẹ̀. Kò sí ẹni tó máa já lu ọ̀rọ̀ yín, kò sì sí ẹni tó máa gbà yín nímọ̀ràn tí ẹ ò béèrè. Fún èmi tí mo dàgbà láàárín àwọn tó ń dá ọ̀rọ̀ mọ́ni lẹ́nu, ìyẹn nìkan tó ìyanu.

Kò pọn dandan kí ẹ sọ̀rọ̀ tí kò bá wù yín. Tí ó bá kàn yín, ẹ ní ẹ kàn fẹ́ gbọ́ lónìí. Ó tán.

Ohun tó máa ń ta àwọn àgbà wa lára ni ọ̀rọ̀ orúkọ. Orúkọ àkọ́kọ́ nìkan ni gbogbo wọn ń pe ara wọn. Ọmọ ọdún 25 á pe bàbá ẹni ọdún 65 ní “Táíwò,” kò sì rò pé òun ṣe nǹkan kan. Kì í ṣe àrífín, bí wọ́n ṣe ń fi ipò àti orúkọ ìdílé sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn. Tí ó bá ń dùn yín, ẹ sọ fún wọn pé “Uncle Táíwò” ni wọ́n ń pè yín. Kò sí òfin tó ní kí ẹ má sọ bẹ́ẹ̀.

Ṣé àwọn èèyàn mi ò ní gbọ́?

Ohun tí ẹ bá gbọ́ níbẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ máa fi í sí. Wọn kì í kọ orúkọ ẹni tó wá ránṣẹ́ síbì kankan. Bí ẹ bá ṣàdédé rí ará ṣọ́ọ̀ṣì yín lórí àga, ẹ rántí pé ohun tó gbé yín débẹ̀ ló gbé òun náà débẹ̀. Ní ìlú ńlá, ẹ lè wọ bọ́ọ̀sì kọjá àdúgbò yín.

Ṣùgbọ́n àdéhùn láàárín èèyàn àti èèyàn ni, kì í ṣe òfin bíi ti dókítà. Ọ̀rọ̀ tó lè di ti kóòtù, ọ̀dọ̀ lọ́yà ni kí ẹ gbé e lọ, ẹ má tú u sílẹ̀ nínú yàrá tí èèyàn ogún jókòó sí.

Ní tòótọ́, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bẹ̀rù pé ayé máa gbọ́ kò mọ̀ pé ayé ti gbọ́ tipẹ́. Aládùúgbò ti ń gbọ́ ariwo òru.

Èló ni wọ́n ń gbà?

Ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á gbé àwo tàbí àpò kan yí ká ní ìparí fún owó yàrá àti tíì. Ẹni tí kò ní, kò ní.

Pásítọ̀ mi ní ìdáǹdè ni mo nílò. Mùsùlùmí sì ni ìyàwó mi. Ṣé AA kì í ṣe ẹ̀sìn?

Kì í ṣe ẹ̀sìn, ṣùgbọ́n orúkọ Ọlọ́run wà nínú ìgbésẹ̀ 12 tí wọ́n ń tẹ̀ lé. “Ọlọ́run, gẹ́gẹ́ bí oníkálukú ṣe mọ̀ ọ́n” ni wọ́n fi sí i. Kristẹni ń lọ, Mùsùlùmí ń lọ, ẹni tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ náà ń lọ. Lóòótọ́, gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sábà máa ń háyà, èyí sì máa ń kọ Mùsùlùmí lóminú. Owó yàrá ni wọ́n ń san níbẹ̀, kì í ṣe ìjọsìn ni wọ́n ń bá ṣọ́ọ̀ṣì ṣe. Bí wọ́n bá ń ṣe àdúrà kúkúrú ní ìparí, ẹ lè dákẹ́.

Mùsùlùmí àti ọmọ ìjọ tó ka ọtí léèwọ̀ ló ń ru ẹrù tó wúwo jù: ọtí ń dà wọ́n láàmú, wọn ò sì lè jẹ́wọ́ ní mọ́sáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì pé àwọn ń mu rárá. Irú wọn ni ìpàdé tí wọn kì í ti í béèrè orúkọ bàbá ẹni wúlò fún jù. Ẹ̀yin oníṣẹ̀ṣe kò sì lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì, ẹ̀yin tí ẹ ń pìtàn pé ẹmu ló gbé Ọbàtálá ṣubú nígbà tí Olódùmarè rán an wá dá ilẹ̀ ayé, tí àwọn olùsìn rẹ̀ kì í fi í mu ẹmu.

Tí ẹ bá ń gbàdúrà, ẹ máa gbà á lọ. Mi ò rí ìdí tí ẹni tó gba ìdáǹdè lọ́jọ́ Ẹtì kò fi lè lọ sí ìpàdé lọ́jọ́ Ajé.

Ǹjẹ́ ó ń ṣiṣẹ́?

Lọ́dún 2020, àwọn olùṣèwádìí Cochrane, àjọ tó máa ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ láti yẹ̀ wọ́n wò, kó ìwádìí 27 jọ, èyí tí èèyàn tó lé ní 10,000 kópa nínú rẹ̀. Wọ́n rí i pé ètò ìtọ́jú tó ń darí èèyàn sínú AA ju àwọn ètò ìtọ́jú mìíràn bí ìmọ̀ràn oníṣègùn ọpọlọ lọ ní mímú kí èèyàn má fẹnu kan ọtí rárá. Kò túmọ̀ sí pé ó ń bá gbogbo èèyàn lára mu.

Mo lọ lẹ́ẹ̀kan, mi ò fẹ́ràn rẹ̀.

Ìpàdé kan kì í ṣe AA. Òmíràn wà tí gbogbo wọn ti darúgbó, òmíràn wà tó kún fún ọ̀dọ́, òmíràn wà tí ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Ẹ gbìyànjú bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà, níbi tó yàtọ̀ síra, kí ẹ tó dájọ́. Rírí ìpàdé àkọ́kọ́ kò le, fóònù lásán ni. Pípadà lọ lẹ́ẹ̀kejì ni iṣẹ́ wà.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run inú rẹ̀ ni kò bá yín lára mu, ẹgbẹ́ mìíràn kan, SMART Recovery, wà láti ọdún 1994. Ọgbọ́n bí èèyàn ṣe ń borí òǹgbẹ ọtí ni wọ́n ń kọ́ni, àwọn náà sì ní ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ta ni wọ́n ń pè ní spọ́ńsọ̀?

Ọmọ ẹgbẹ́ tó ti pẹ́ díẹ̀ láìmutí, tí ẹ lè pè nígbà tí òǹgbẹ ọtí bá dé láàárín òru. Ẹ̀yin ni ẹ máa bẹ̀ ẹ́. Obìnrin ń mú obìnrin, ọkùnrin ń mú ọkùnrin. Kì í gba owó. Ẹni tó bá ń yá yín lówó, tàbí tó ń yáwó lọ́wọ́ yín, tàbí tó ní kí ẹ ju oògùn dókítà nù, kì í ṣe spọ́ńsọ̀. Ẹ wá ẹlòmíràn.

Ọkọ mi ni, kò sì gbà pé nǹkan ń ṣe òun. Ṣé mo lè wọ́ ọ lọ?

Ẹ lè wọ́ ọ débẹ̀, ẹ ò lè mú un gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín ní ìpàdé tiyín: Al-Anon, tí ìyàwó Bill Wilson wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ lọ́dún 1951 fún àwọn ará ilé ọ̀mùtí. Alateen wà fún àwọn ọmọ tó ti ń bàlágà. Ibẹ̀ ni ìyàwó ti ń kọ́ pé kò pọn dandan kí òun máa pe ọ̀gá ọkọ òun láti purọ́ pé ibà ló gbé e dè, tàbí kí òun máa san gbèsè rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́mu. Tó bá ń lù yín, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpàdé nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ kó ara yín àti àwọn ọmọ lọ síbi tí ewu ò sí.

Wọ́n ní oògùn kan wà tí mo lè fi sínú ọbẹ̀ rẹ̀, tí á kórìíra ọtí.

Ẹ má ṣe é. Oògùn kan wà lóòótọ́, disulfiram, tó ń mú kí ara ẹni tó bá mutí lé e lórí gbóná, kó bì, kí àyà rẹ̀ máa lù kìkì, kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé òun ń lò ó, tí dókítà sì ń wò ó, ni wọ́n ń fún. Ẹni tí kò mọ̀ á mutí bó ṣe ń mu ún, ó sì lè kú sí yín lọ́wọ́. Àwọn lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ń tà lọ́jà fún iṣẹ́ kan náà tún burú jù, nítorí ẹ ò mọ ohun tó wà nínú wọn.

Mo ti pa á tì fún oṣù mẹ́rin, mo tún mu nígbà ìsìnkú bàbá wa.

Ẹ padà lọ sí ìpàdé, lónìí tó bá ṣeé ṣe. Wọ́n á kí yín káàbọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ló ti gba ọ̀nà yẹn. Tí ẹ bá ti padà sí mímu púpọ̀ lójoojúmọ́, ohun tí mo sọ nípa jíjá a lójijì ṣì dúró.

Òde ìnáwó wa le fún ẹni tó ń jáwọ́, kò sí irọ́ níbẹ̀. Wọ́n á gbé ìgò síwájú yín kí ẹ tó jókòó, àna yín á sì ní ẹ kò bọ̀wọ̀ fún òun tí ẹ ò bá tọ́ ọ wò. Ẹ mú ife malt dání látìgbà tí ẹ bá ti wọlé, ọwọ́ tí nǹkan wà nínú rẹ̀ kì í pe agbọ́tí. “Dókítà ní kí n má mu ún” tó gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Ẹ jẹun, ẹ ná owó, kí ẹ sì kúrò kí ijó tó gbóná.

Kò sí ìpàdé kankan ní ìlú wa. Ṣé a lè dá ọ̀kan sílẹ̀, ká sì máa fi Yorùbá ṣe é?

Ẹ lè dá a sílẹ̀. Nínú ìlànà AA, èèyàn méjì tàbí mẹ́ta tó pàdé nítorí àtijáwọ́ nínú ọtí lè pe ara wọn ní ẹgbẹ́ AA, bí wọn ò bá ti so ó mọ́ ẹgbẹ́ mìíràn. Nítorí náà, kò lè jẹ́ ti ìjọ kan, kò lè jẹ́ ti olóṣèlú tó fẹ́ fi ṣe ìpolongo. Ẹ mú ọjọ́ kan àti àkókò kan tí kò ní yẹ̀, kí ẹni tó bá sáré dé lọ́jọ́ tí nǹkan le má bá ilẹ̀kùn títì. Yàrá ìkàwé tàbí kíláàsì ilé ìwé lẹ́yìn iṣẹ́ dára ju pálọ̀ ẹnì kan lọ, nítorí pálọ̀ ní onílé. Ẹ kọ̀wé sí AA lórí aa.org láti béèrè bí wọ́n ṣe ń fi ẹgbẹ́ tuntun sínú àkọsílẹ̀, kí ẹlòmíràn tó ń wá a kiri lè rí yín.